Ta ló gbé ìlà kúrò lójú Ìyá Àgbà?

Nígbà tí ìsìnkú ìyá àgbà wa ku ọ̀sẹ̀ méjì, èmi àti Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ni ẹbí rán lọ sí ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń tẹ báńà ní Ìjìgbò, Adó-Èkìtì. Fọ́tò kan ṣoṣo tó ṣeé lò ni a ní: dúdú òun funfun, tí wọ́n yà kí n tó dáyé, etí ìwé rẹ̀ ti ká, omi òrùlé sì ti jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fi fóònù ya fọ́tò ọ̀hún, ó tẹ nǹkan díẹ̀, ó ní ká fún òun ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan náà kò pé. Obìnrin kan yọ lójú kọ̀ǹpútà: awọ ara ń dán bí ẹni fi àdí pa á, léèsì aláwọ̀ wúrà lára, iyùn lọ́rùn, eyín tò gẹ́lẹ́ bí àgbàdo orí ṣírí.

Àǹtí mi fà sún mọ́ ọn. Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi sójú.

"Ta rèé?"

"Màmá ni, mà. AI ló bá wa tún un ṣe."

"Yèyé mi kọ́ rèé o. Ìlà wọn dà? Èjí wọn dà?"

Pélé mẹ́ta-mẹ́ta ni ìyá àgbà wa kọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, èjí wọn sì fẹ̀ débi pé torí ká lè rí i la ṣe máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín nígbà tí a wà ní kékeré. Ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti lọ. Èjí ti dí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé wa nìkan. Ní Èkìtì, ọjọ́ Ẹtì lọjọ́ òkú. Ẹni tó bá gba títì Adó sí Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà á rí báńà tí wọ́n so mọ́ òpó iná àti ẹnu ọ̀nà ilé ẹbí. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti ń ṣàkíyèsí pé àwọn olóògbé wa ti ń jọ ara wọn. Ẹni ọdún 99 àti ẹni ọdún 60, awọ kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà lẹ́yìn orí, ẹ̀rín kan náà. Bí a bá fi nǹkan bo orúkọ, a lè gbé báńà ilé kan lọ so sí ìta ilé kejì kí ẹnikẹ́ni má fura.

Àríyànjiyàn rẹ̀ sì ti ń lọ lórí WhatsApp ẹbí àti níbi ìpàdé àwọn ọmọ olóògbé. Àwọn kan ní irọ́ ni, kí wọ́n gbé fọ́tò bó ṣe wà. Àwọn kejì ní kí ló burú níbẹ̀, ta ló fẹ́ kí wọ́n máa fi ojú àìsàn rántí òun? Wọ́n á tún fi kún un pé àwọn baba wa tó ń gbẹ́ ère pàápàá kì í gbé ojú èèyàn bó ṣe rí. Lójú tèmi, àwọn kejì yìí sún mọ́ òótọ́ ju bí wọ́n ṣe mọ̀ lọ, ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ sì ti máa yí dà bò wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà, àwòrán, fúnra rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal, tó ti pẹ́ nídìí ìtàn iṣẹ́ ọnà Yorùbá, túmọ̀ àwòrán sí à-wò-rántí, ohun tí a ń wò ká lè rántí. Kò sí "jọ" nínú rẹ̀. Robert Farris Thompson, ará Amẹ́ríkà kan tó yí ilẹ̀ Yorùbá ká láyé 1960 sókè, tó ń bi àwọn àgbà léèrè ohun tó mú ère kan sunwọ̀n ju èkejì lọ, gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé jíjọra dára, àmọ́ kó má jọ ọ́ jù. Wọ́n fẹ́ kó dán, wọ́n fẹ́ kó gún, wọ́n sì fẹ́ kí ojú rẹ̀ jẹ́ ojú géńdé, ì báà jẹ́ pé arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni wọ́n ń gbẹ́. Ère ìbejì ló fi èyí hàn jù. Ọmọ tó kú lọ́mọ ọwọ́, ère rẹ̀ á yọ ọmú, á di irun, á dúró bí àgbà. Wọn kì í gbẹ́ ọmọ tó lọ. Ẹni tí ì bá dà ni wọ́n máa ń gbẹ́.

Nítorí náà, ọmọ tó ní kí wọ́n sọ ìyá òun di ọ̀dọ́ lórí báńà kò dẹ́ṣẹ̀ kankan sí àṣà. Àmọ́ ẹ tún ère ìbejì yẹn gbé sọ́wọ́, kí ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìlà wà níbẹ̀. Agbẹ́gilére tó mú ọjọ́ orí kúrò, tó sọ ojú di gbọ̀ngbọ̀n, tó sọ orí di ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ara nítorí pé orí lẹlẹ́dàá èèyàn, kò jẹ́ gbàgbé ìlà. Ó lè fi imú ṣeré. Kò lè fi ìlà ṣeré, torí ìlà ló ń sọ ilé tí ọmọ ti wá.

Èkìtì dára láti wo èyí, nítorí ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́gilére Yorùbá tí ayé mọ̀ jù lọ, tiwa ni. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ sí ní nǹkan bí ọdún 1873. Ìsẹ̀-Èkìtì ló gbé títí ó fi kú ní 1938. Ní nǹkan bí 1910 sí 1914 ló gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé ló gbẹ́ sára ìlẹ̀kùn náà: ọjọ́ tí Captain Ambrose, Kọ́míṣọ́nà òyìnbó, wá kí Ògògà. Lápá kan, ọba jókòó pẹ̀lú adé, ìyàwó wọn dúró lẹ́yìn. Lápá kejì, àlejò ká jọ sínú ohun tí àwọn èèyàn gbé e sí, àwọn aláàárù tò lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ wọn jinlẹ̀ débi pé wọ́n yọ síta lára pákó bí ẹni fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

N kò rò pé ìyàwó Ambrose lè dá ọkọ rẹ̀ mọ̀ lára igi yẹn. Ṣùgbọ́n ará Ìkẹ́rẹ́ kankan kò ní ṣi ohun tó ń wò mọ̀: ẹni tó jókòó sílé rẹ̀ rèé, ẹni tí wọ́n gbé wá bí ẹrù rèé. Lára ọ̀kan nínú àwọn òpó ààfin kan náà, tó wà ní Art Institute, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Chicago, báyìí, ìyàwó àgbà tó dúró sẹ́yìn ọba ga jù wọ́n lọ fíìfíì, ẹsẹ̀ ọba kò tólẹ̀. Ta ló wọn ọba àti olorì pọ̀ rí? Ipò ni Ọlọ́wẹ̀ ń wọ̀n. Ìlẹ̀kùn ní tirẹ̀ lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924, àwọn British Museum rí i, wọ́n fẹ́ ẹ. Ògògà kò tà á. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀, ìlẹ̀kùn sì wà ní London dòní. (Bóyá pàṣípààrọ̀ náà tọ́ síra, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ẹni tó bá fẹ́ fi èyí sọ pé ọwọ́ àwọn baba wa kò mọ bí a ṣe ń gbé ojú bó ṣe rí, ẹ ní kó lọ sí Ifẹ̀. Ní 1938, àwọn tó ń walẹ̀ fún ilé kíkọ́ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ kan orí idẹ, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, èyí tí wọ́n ti rọ láàárín ọ̀rúndún 12 sí 15. Ìpéǹpéjú, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìkángun ètè, gbogbo rẹ̀ pé bí ẹni fẹ́ fọhùn. Àwọn kan dán, àwọn kan sì ní ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ní Ọ̀wọ̀, tí kò jìnnà sí wa, bí ẹni ńlá bá kú, wọ́n a máa gbẹ́ àkó: ère tó tó olóògbé ní gíga, tó jọ ọ́ gan-an, tí wọ́n wọ̀ láṣọ rẹ̀, tí wọ́n sì gbé yí ìlú ká. Ohun tó yẹ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣe. Òkú tí ìlú fẹ́ rí lẹ́ẹ̀kan sí i, kó jọ ọ́. Ọba tí wọn yóò máa wò fún ìran méje, ipò rẹ̀ ni kí wọ́n gbẹ́.

Fọ́tò wá dé, a kàn gbé ọgbọ́n kan náà wọ inú rẹ̀ ni. Ẹ wo fọ́tò àtijọ́ ilé yín: bàbá jókòó, ó kọjú síwájú gbọnrangandan, ọwọ́ lórí orúnkún, agbádá ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ère ni wọ́n jókòó bí i. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù ni ti Ìlá Ọ̀ràngún. Láyé 1970 sókè, Stephen Sprague, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, rí i níbẹ̀ pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn, wọ́n á ya èyí tó wà láàyè, onífọ́tò á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí méjèèjì jókòó pọ̀. Bó bá jẹ́ akọ òun abo ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un. Fọ́tò ayédèrú ni lójú ẹni tó bá fẹ́ le koko. Ìyá ìbejì ò rí i bẹ́ẹ̀. Ó gbé e síbi tí ì bá gbé ère sí, ó ń bọ ọ́.

Àwọn ẹ̀yà mìíràn láyé náà kò sinmi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Íjíbítì, nígbà tí àwọn ará Róòmù ń jọba níbẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀dà tí wọ́n pò mọ́ ìda ya ojú òkú sára pákó pẹlẹbẹ, wọ́n á dì í mọ́ ojú òkú tí wọ́n ti lọ́ láṣọ. Èyí tó ṣẹ́kù tó nǹkan bí 900, wọ́n sì ń wò ọ́ padà bí ẹni tó mọ̀ ọ́ rí. Ní Ṣáínà, ẹni tí bàbá rẹ̀ kú láìní àwòrán á pe ayàwòrán, ayàwòrán á ṣí ìwé tí irú ojú àti imú oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀, ẹbí á máa nàka: imú bàbá jọ èyí, ojú wọn jọ tọ̀hún. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kí ni ìyàtọ̀ ibẹ̀ àti ìsọ̀ Ìjìgbò? Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni mo rí: níbẹ̀, ẹni tó mọ olóògbé ló ń nàka.

Lọ́dọ̀ àwọn ọba Yúróòpù, ìjà "ó jọ mí, kò jọ mí" kò tán rí. Ní 1539, Henry Kẹjọ ọba Gẹ̀ẹ́sì rán Holbein, ayàwòrán rẹ̀, lọ ya Anne ti Cleves nítorí ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè fẹ́ ẹ. Àwòrán dára, ọba gbà. Ìyàwó dé, ọba ní òun kò rí ohun tí òun rí nínú àwòrán, ìgbéyàwó náà kò sì pé oṣù méje tí wọ́n fi tú u ká. Ní 1954, ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fi àwòrán tí Graham Sutherland yà ta Winston Churchill, olórí ìjọba wọn, lọ́rẹ nígbà tó pé ọdún 80. Ó jọ ọ́, ó jọ ọ́ jù ni. Bàbá kórìíra rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì mú kí wọ́n pa á run.

Tiwa nínú ìjà yẹn ń dùn mọ́ mi. Nígbà tí àwọn òyìnbó kan ń sọ pé èèyàn dúdú kò lè ya ojú bó ṣe rí, Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, kọ́ ara rẹ̀, ó ya Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, àwòrán náà kò sì fi ibì kankan rẹlẹ̀ sí tiwọn. Ó tó àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kí Ben Enwonwu tó mọ ère Ọbabìnrin Elizabeth. Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ ló jókòó fún un. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú ère náà ní 1957, ariwo ta ní London: ó ti fi ètè ọmọ Áfríkà sí ọbabìnrin wa lẹ́nu! Ohun tí à ń pariwo lórí báńà wa lónìí nìyẹn, ó kàn yí sódì ni. Enwonwu gbé ojú tó mọ̀ wọ ojú tó ń wò. Ẹ̀rọ tó wà ní Ìjìgbò ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ojú tó mọ̀ ni kì í ṣe tiwa.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀rọ nìyí. Ọ̀pọ̀ rò pé AI kàn ń nu fọ́tò mọ́ ni, bí ẹni nu gíláàsì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ti parẹ́ lára fọ́tò ti parẹ́, ẹ̀rọ kò lè rí ohun tí kò sí. Ńṣe ló ń wo èyí tó kù, tó ń rò ó pé nínú gbogbo ojú tí òun ti rí rí, irú èwo ló yẹ kí èyí jẹ́, tó sì ń ya ojú tuntun lé èyí tó wà níbẹ̀ lórí. Gbogbo rẹ̀ wá di ọ̀rọ̀ irú ojú tó ti rí. Ọ̀kan nínú àkójọ tí wọ́n lò jù láti fi kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni FFHQ, fọ́tò ojú 70,000 tí iléeṣẹ́ NVIDIA ṣà lórí Flickr, ìkànnì tí àwọn èèyàn ń gbé fọ́tò sí. Ẹ ò ní lọ retí kí àwọn tó kọ pélé pọ̀ níbẹ̀. Lójú ẹ̀rọ tí kò rí ìlà rí, ìlà dúdú kékeré lẹ́rẹ̀kẹ́ kò yàtọ̀ sí ibi tí èékánná ti ha fọ́tò, iṣẹ́ tí wọ́n sì rán an ni kó nu ibi tó ha. Èjí náà á rí bí ihò tó yẹ kí òun dí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, àwọn èèyàn gbé fọ́tò Barack Obama tó ṣú bàìbàì fún ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ PULSE, tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Duke ṣe. Ojú tó gbé jáde, ojú òyìnbó ni. Ó sì ti pẹ́ tí ẹ̀rọ ti ń fojú di wa báyìí. Nígbà fíìmù Kodak, káàdì tí fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun wà lórí rẹ̀ ni àwọn tó ń fọ fọ́tò fi ń wọn àwọ̀ ara. Bí ẹlẹ́ran-ara dúdú bá jókòó ti òyìnbó, eyín àti ẹyinjú rẹ̀ nìkan lo máa rí.

Ìdí tó fi yẹ kí èyí ká wa lára ju bó ṣe ká wa lára lọ rèé: ìlà ojú ń kásẹ̀ nílẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ka kíkọ ilà fún ọmọ léèwọ̀, ṣáájú ìgbà yẹn gan-an ọ̀pọ̀ ilé ti dá a dúró fúnra wọn. N kò ní kí wọ́n dá abẹ olóòlà padà o. Mo kàn ń wò ó pé àwọn tí à ń sin lọ́jọ́ Ẹtì Ẹtì yìí ló kù tó gbé ìlà náà sójú, fọ́tò wọn ni ibi tó kẹ́yìn tó wà. Bí báńà bá sì pa á rẹ́, báńà ni ọmọ ọmọ á gbé sórí Facebook, ìyẹn ni ẹ̀rọ ọ̀la á rí kọ́.

Mo bi ọmọkùnrin ìsọ̀ náà bóyá àwọn oníbàárà kì í kígbe. Ó ní ẹni tó bá kígbe ò pọ̀, dídán ni gbogbo wọn ń fẹ́. Ẹni tí kò bá dán iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á kọjá sí ìsọ̀ kejì. Kò jiyàn pẹ̀lú Àǹtí mi ṣá. Ó gbé fọ́tò gidi sórí ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ, ó tọ́jú ẹ̀dà kan tí kò fọwọ́ kàn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu àbàwọ́n díẹ̀díẹ̀, Àǹtí mi jókòó tì í bí ọlọ́pàá. Ẹ fi kẹ́kọ̀ọ́ bó bá kàn yín: ẹ̀dà tí wọn ò fọwọ́ kàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún kò pẹ́, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára fọ́tò. Òsì ni iṣẹ́ wà, omi òrùlé ti jẹ ẹ́ tán.

"Ṣé bákan náà ni wọ́n gùn, mà?"

Àǹtí mi dákẹ́. Wọ́n na ìka sójú kọ̀ǹpútà, wọ́n fà á padà. Wọ́n gbé fóònù, wọ́n fi fídíò pe àbúrò ìyá àgbà ní Ìkẹ́rẹ́, tí olóòlà kan náà kọ ilà fún láàárọ̀ kan náà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sí wa. Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ má mirí."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún ojú fóònù. Ọmọkùnrin náà gbé fóònù ti ara kọ̀ǹpútà, ó ń wò, ó ń fà á: ti àárín gùn ju méjì tó kù lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, bí ẹni pé ọmọ náà mirí nígbà tí abẹ ń lọ.

"Kí lẹ ń wò lójú mi bẹ́ẹ̀?" ohùn Ìyá jáde. "Ẹ ò tíì sin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ń tẹ báńà tèmi?"